Ọkọ̀ Ogun Tí A Fi Wá Ọ̀nà fún Lẹ́tà

 

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Adékúnlé, ní Yàbá, tí ọkọ̀ náà sì gun afárá gígùn tí à ń pè ní Third Mainland, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1990, ẹ ó rí ilé àwọn ará Makoko lórí òpó igi nínú omi. Ẹ ó rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ igi wọn. Lẹ́yìn náà ni omi ọ̀sà yóò tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ títí ojú kò fi ní ká a mọ́. Bí mo bá wí fún yín pé omi ọ̀sà Èkó yìí ti jẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú rí, ẹlòmíràn lè rò pé àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Kì í ṣe àlọ́ o, ìtàn gidi ni. Ìgbà kan wà tí ọkọ̀ òfurufú ńlá máa ń bà lé orí omi Èkó bí pẹ́pẹ́yẹ, tí ó máa ń já èrò àti àpò lẹ́tà sílẹ̀, tí ó sì máa ń gbéra lórí omi kan náà lọ sí ìdálẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Kí ìtàn náà tó yé wa, a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ ogun kan tí àwọn ológun kò ra.

Ní ìlú Rochester, létí odò Medway ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Short Brothers. Àwọn ni wọ́n kan ọkọ̀ náà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1926 ni John Lankester Parker kọ́kọ́ gbé e fò. Singapore ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìlú èbúté kan ní Éṣíà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe nínú irú rẹ̀. Àwòṣe ni: ohun tí a kọ́kọ́ ṣe láti fi dán ọgbọ́n wò, kí a lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí a ṣe púpọ̀ sí i.

Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é ni iṣẹ́ alamí. Ẹ rántí ogun àwọn baba wa: Balógun tí ó gbọ́n kì í kó ogun jáde láìkọ́kọ́ rán alamí lọ wo ibi tí ọ̀tá dó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ yìí. Kí ó máa fò lórí òkun, kí ó máa wo ibi tí ọkọ̀ ọ̀tá wà, kí ó padà wá ròyìn fún àwọn tí ó rán an.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí. Apá rẹ̀ jẹ́ onípele méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òpó àti wáyà sì so wọ́n pọ̀. Láti ṣóńṣó apá ọ̀tún dé ṣóńṣó apá òsì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 93. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ rántí mọ́lúè, ẹ fojú inú to mọ́lúè bíi mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, ẹ ó mọ bí apá náà ti gùn tó. Kí ló dé tí apá fi jẹ́ onípele méjì? Ẹ́ńjìnnì ayé ìgbà náà kò lágbára bíi ti ìsinsìnyí, nítorí náà ó di dandan kí ọkọ̀ fúyẹ́. Apá kan ṣoṣo tí ó gùn, tí ó sì fúyẹ́, lè ṣẹ́. Ẹ mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò ṣòro dá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi igi wẹ́wẹ́ so méjèèjì pọ̀ di àkàbà, àgbàlagbà lè gùn ún. Ọgbọ́n àkàbà yìí náà ni ọgbọ́n apá onípele méjì.

Ìdí ọkọ̀ náà dàbí ti ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé omi ni ó ń bà lé. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ gbọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n gé e ní ìpele bí àtẹ̀gùn, kí omi lè já kúrò lára rẹ̀ nígbà tí eré bá pọ̀. Bí kò bá sí àtẹ̀gùn yìí, omi yóò máa fa ọkọ̀ mọ́ra bí ẹrẹ̀ ti ń fa ẹsẹ̀, kò sì ní lè gbéra. Ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce méjì ni ó ń gbé e lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára ẹṣin 650.

Ohun tuntun tí ó wà lára rẹ̀ jù lọ ni pé irin ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀, kì í ṣe igi. Ẹnikẹ́ni tí ó ti wa ọkọ̀ igi ní Makoko tàbí ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta mọ̀ pé bí igi bá pẹ́ nínú omi, a máa mu omi, a sì máa wúwo sí i. Apẹja lè fara da èyí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó fẹ́ fò kò lè fara dà á, nítorí pé ìwúwo omi tí igi mu ni yóò gba àyè èrò àti ẹrù. Nítorí náà ni Short Brothers ṣe lo duralumin, irin fúyẹ́ tí wọ́n fi aluminium àti bàbà díẹ̀ pò pọ̀.

Ọkọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ìjọba kò ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ-ogun òfurufú ti ní ọkọ̀ orí omi mìíràn, Southampton, tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Báyìí ni alamí wà nílẹ̀ tí kò sí ogun tí yóò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀ díẹ̀, kí a wo ilẹ̀ tiwa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1925, ọkọ̀ òfurufú mẹ́ta ti àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ ní Kánò láti ilẹ̀ Íjíbítì. Arthur Coningham ni olórí wọn, DH.9A sì ni oríṣi ọkọ̀ wọn, alápá onípele méjì ni àwọn náà. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní táyà lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń bà. Èyí rọrùn ní Kánò, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, igbó kò sì dí. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe irú pápá bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ igbó tiwa, a ó gé igi, a ó hú kùkùté, a ó tẹ́ ilẹ̀, a ó sì máa ro ó lọ́dọọdún, nítorí koríko ilẹ̀ òjò kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Omi ọ̀sà kò béèrè irú èyí. Ọlọ́run ti tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ẹni tí ó rí èyí kedere ni awakọ̀ òfurufú kan tí ń jẹ́ Alan Cobham. Ní ọdún 1926 ó fò láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Ọsirélíà, ó sì padà wá bà lé orí odò Thames níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi í joyè, ó di Sir Alan. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò náà kò lọ láìní ẹ̀jẹ̀ nínú. Nígbà tí wọ́n ń lọ láti Baghdad sí Basra, ẹnìkan yìnbọn láti ilẹ̀. Ọta ba Arthur Elliott, ẹlẹ́rọ rẹ̀, ó sì kú. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ òfurufú tí ń kọjá lórí Mushin, tí èrò inú rẹ̀ ń jẹun tí wọ́n ń sùn, ẹ rántí pé àwọn kan ti fi ẹ̀mí wọn lélẹ̀ kí ọ̀nà náà tó dán.

Cobham gbà pé ọkọ̀ orí omi lè yí Áfíríkà ká láti adágún dé adágún, láti ọ̀sà dé ọ̀sà, kí ó máa kó lẹ́tà àti èrò. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yá a ní Singapore. Sir Charles Wakefield, ọlọ́rọ̀ oníṣòwò epo ẹ́ńjìnnì, ni ó gbọ́ bùkátà ìrìn-àjò náà. Wọ́n kọ lẹ́tà G-EBUP sí ara ọkọ̀ náà, lẹ́tà ọkọ̀ ará ìlú. Nínú ogun kọ́ ni wọ́n rán alamí lọ mọ́. Wọ́n ní kí ó lọ wá ọ̀nà tí lẹ́tà yóò gbà.

Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1927 ni wọ́n gbéra ní Rochester. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n: Cobham àti Gladys aya rẹ̀, awakọ̀ kejì, ẹlẹ́rọ méjì, àti ayàwòrán sinimá kan. Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Ní erékùṣù Malta, ìgbì òkun ba apá ọkọ̀ náà jẹ́, wọ́n sì dúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ títí ọdún 1928 fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n gba Íjíbítì, wọ́n tọ odò Náílì dé Khartoum, wọ́n sì bà lé orí adágún ńlá Victoria ní Ùgáńdà. Láti ibẹ̀ wọ́n gba etíkun Ìlà Oòrùn lọ sí Cape Town ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n ń padà, etíkun Ìwọ̀ Oòrùn, etíkun tiwa yìí, ni wọ́n gbà, ọ̀nà náà sì gbé wọn gba Èkó. Oṣù karùn-ún ọdún 1928 ni wọ́n tó padà dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti fo ju 20,000 máìlì lọ.

Kí ni alamí náà ń wò ní ọ̀nà? Ó ń wá ibi tí omi ti jìn tó, tí ìgbì kò sì pọ̀. Ibi tí kò sí kùkùté tí ó fara pamọ́ sábẹ́ omi. Ibi tí a lè ju ìdákọ̀ró sí, tí epo sì lè dé. Ẹni tí ó bá ti dúró létí òkun wa mọ̀ bí ìgbì etíkun yìí ti ń jà. Ọkọ̀ tí ó bá fi ara rẹ̀ fún un yóò fọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn yanrìn etíkun ni omi ọ̀sà dákẹ́ sí. Ohun tí àwọn apẹja wa ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ òfurufú wá kọ́ níbẹ̀.

Ẹ má ro Yàbá ti ọdún 1928 bí ó ti rí lónìí. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ti ń dún ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún 1928 yẹn gan-an ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìgbìmọ̀ àtúntò ìlú Èkó sílẹ̀, nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wá ní 1924, ìgbìmọ̀ náà ni ó sì wá la òpópónà sí Yàbá. Súrùlérè tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí. Ọdún 1955 ni ètò bẹ̀rẹ̀ láti kó àwọn ará Èkó kúrò ní àárín ìlú, tí a sì kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé lẹ́tà láti Ìlú Òyìnbó wá, ó sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ọmọ kan bá ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó kọ̀wé sílé pé ara òun kò yá, nígbà tí ìdáhùn ìyá rẹ̀ bá tó dé ọwọ́ rẹ̀, oṣù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ó ti lè sàn. Ó sì ti lè kú. Èyí ni ìdí tí ọ̀nà lẹ́tà kì í ṣe ohun kékeré.

Kí ni èso ìrìn-àjò náà? Èso kìíní ti yọ kí Singapore tó délé pàápàá. Ní oṣù kejì ọdún 1928, Short Brothers gbé ọkọ̀ mìíràn fò tí ń jẹ́ Calcutta. Ara ọgbọ́n Singapore ni wọ́n ti mú un jáde: apá onípele méjì, ìdí onírin, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni ó ní, àga èrò 15 sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ alamí di ọkọ̀ èrò. Cobham fẹ́ kí ọ̀nà Áfíríkà jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Imperial Airways ni ó gbà á níkẹyìn. Ní ọdún 1931 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà láti Lọ́ńdọ̀nù dé adágún Victoria, Calcutta ni ó sì ń ṣiṣẹ́ láti Khartoum dé Kisumu.

Tiwa ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 1936, Imperial Airways mú ọkọ̀ dé Kánò láti Khartoum. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà wọ́n mú un dé Èkó. DH.86 ni ọkọ̀ náà, onípele apá méjì, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀ ni. Ọ̀nà etíkun tí Cobham fi Singapore yẹ̀ wò ṣì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ń gbà á. Ọdún méjìlá ni ó fi dúró bẹ́ẹ̀. Kí ni ó ṣí i? Ogun ni.

Ní ọdún 1940, Jámánì ṣẹ́gun Faransé, Ítálì náà sì wọ ogun, ọ̀nà Òkun Mẹditaréníà sì dí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá rántí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ orí omi kan tí ń jẹ́ Clyde, ọkọ̀ èrò tí Short Brothers kan náà ṣe, gbéra ní Poole, ó gba Lisbon, Bathurst àti Freetown wá sí Èkó. Ìpele apá rẹ̀ ti di ẹyọ kan, nítorí pé ẹ́ńjìnnì àti irin ti dára sí i. Nínú rẹ̀ ni René Pleven, Claude Hettier de Boislambert àti ọ̀gágun tí ń pe ara rẹ̀ ní Leclerc wà, àwọn ọmọ Faransé tí wọ́n kọ̀ láti túúbá fún Jámánì. Láti ọ̀dọ̀ wa, Leclerc àti Boislambert kọjá sí Kamẹrúùnù tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òru ọjọ́ 26 mọ́ 27 oṣù kẹjọ, àwọn àti ìwọ̀nba ènìyàn tí ó lé díẹ̀ ní ogún wọ ọkọ̀ igi mẹ́ta, wọ́n wọ ìlú Douala, wọ́n sì gbà á. Ọkọ̀ òfurufú gbé wọn dé Èkó, ọkọ̀ igi ni ó parí iṣẹ́. Bí a bá ní ohun tuntun, ẹ má jẹ́ kí a tìtorí rẹ̀ sọ ti àtijọ́ nù.

Nísinsìnyí, ẹ wò ó dáadáa. Ọkọ̀ tí a ṣe fún ogun ni a fi wá ọ̀nà àlàáfíà. Ọ̀nà àlàáfíà tí a wá, ogun ni ó ṣí i. Ọkọ̀ tí a ṣe fún èrò ni ó gbé ọ̀gágun wá. Àwọn ológun tí wọ́n kọ Singapore sílẹ̀ pàápàá tún padà sí i: láti ọdún 1934, wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ tí ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, 37 ni wọ́n sì ṣe. Ẹni tí ó bá ní ohun èlò kan jẹ́ ti ibi láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí pé ọ̀kan jẹ́ ti ire títí láé, kò tíì ka ìtàn yìí. Àdá kan náà ni ó ń ro oko, òun náà ni ó ń ṣá ènìyàn. Ọwọ́ tí ó dì í mú ni kí a bi léèrè.

Ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí a fo. Nígbà tí wọ́n ń wọn omi wa, tí wọ́n ń pín ọ̀nà ojú ọ̀run wa láàárín ara wọn, wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wá. Ìjọba wọn ni wọ́n fẹ́ so pọ̀, kí àṣẹ Lọ́ńdọ̀nù lè tètè dé Èkó. Pé lẹ́tà ìyá àti ọmọ rí àyè nínú àpò náà, ire ni, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí tiwa kọ́ ni wọ́n ṣe rán ọkọ̀ náà. Nígbà ogun yẹn kan náà ni wọ́n la pápá Ìkẹjà, tí à ń fi orúkọ Murtala Muhammed pè lónìí. Nígbà tí pápá ilẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ ọkọ̀ orí omi parí, ọ̀sà sì padà di ti apẹja. Ní 1946, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ WAAC sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Ní 1958, Nàìjíríà dá tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Nigeria Airways, tí ó kógbá sílé ní 2003.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè wí pé ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ẹ gbójú sókè. Ẹ̀rọ kékeré tí ń fò láìsí awakọ̀, tí à ń pè ní drone, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ológun ti fi ń ṣe alamí kí ó tó dé ọwọ́ ará ìlú. Láti ọdún 2019 ni irú rẹ̀ ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn ní Gánà. Alamí tún ti di oníṣẹ́ àánú. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń jà níbòmíràn lónìí.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gun afárá yẹn láti Adékúnlé, tí omi ọ̀sà ń dán nínú oòrùn, ẹ wò ó, kí ẹ sì bi ara yín ní ohun méjì: Ta ni ó di ọkọ̀ mú? Kí ni ó rù? Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ yín dáadáa, ìṣirò àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ìdáhùn ìbéèrè kìíní lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ní ọjọ́ kan. Ìdáhùn ti èkejì yóò wá wà lọ́wọ́ yín.